Sí Bàbá Mi ní Ìṣẹ́: Bí A Ti Ń Ka Nútírọ́ọ̀nù, àti Ohun Tí Mo Rí Nídìí Rẹ̀

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi. Ẹ kú oko, ẹ kú àmójútó kòkó, ẹ kú ọyẹ́ tí Àbẹ̀kẹ́ kọ̀wé pé ó mú yín lọ́dún yìí ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Èmi Dọ̀káàsì ọmọ yín ni mo kúnlẹ̀ níhìn-ín, lórí pákó tútù nínú yàrá kan ṣoṣo tí èmi àti ọkọ mi ń gbé nílùú òyìnbó, tí mo ń kí yín. Mo kí Ìyá mi, tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ yan gààrí tí mo gbé wọ ọkọ̀ ojú omi. Mo kí ẹ̀gbọ́n yín, Ìyá Ẹmùrè, mo sì kí gbogbo ilé, tọmọdé tàgbà. Àbẹ̀kẹ́, àbúrò mi, ìwọ lo máa kà á sí Bàbá létí. Fara balẹ̀ kà á. Má fo ibi tó bá le, nítorí ibi tó le gan-an ni mo fẹ́ kí Bàbá gbọ́.

Ẹ ó ti rí i pé inú ìwé ìròyìn ìjọ ni lẹ́tà yìí gbà wá bá yín, kì í ṣe bébà búlúù tí mo máa ń kọ. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni. Àbẹ̀kẹ́ kọ̀wé sí mi pé lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi kan, nígbà tí ẹ dúró lábẹ́ igi ọsàn inú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì, ẹnì kan tó jagun dé Bọ́mà bi yín níwájú àwọn àgbà ìjọ pé ṣé òótọ́ ni pé iṣẹ́ átọ́ọ̀mù ni ọmọ yín obìnrin ń ṣe, àti pé ṣé ẹ mọ̀ pé átọ́ọ̀mù yìí náà ni wọ́n fi run ìlú méjì ní Jàpáànù. Ó ní ẹ kò rí nǹkan fi dá a lóhùn. Ó ní láti ọjọ́ náà, ẹ ti kúrò lórí àga tí ẹ máa ń jókòó sí níwájú, ẹ ti lọ ń jókòó lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Nígbà tí mo ka ibẹ̀, ńṣe ni mo gbé bébà náà kalẹ̀ tí mo ń wo ògiri. Ìbéèrè tí wọ́n bi yín ní gbangba, gbangba náà ló yẹ kí n ti dáhùn rẹ̀.

Olóòtú ìwé ìròyìn ní kí n fi Yorùbá inú Bíbélì kọ ọ́, kí ará Ìbàdàn àti ará Abẹ́òkúta lè gbọ́ ọ. Nítorí náà ni mo ṣe kọ “ilé” síbẹ̀. Ẹ̀yin ẹ kà á sí ulé, bí a ti ń pè é ní Ìṣẹ́, torí ulé ló wà lẹ́nu mi nígbà tí mo ń kọ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí a kọ́kọ́ dé, Délé ọkọ mi a máa lọ sí yunifásítì láràárọ̀ láti kọ́ iṣẹ́ ilẹ̀ wíwọ̀n, èmi a sì jókòó lójú fèrèsé. Ìlú yìí kún fún ilé iṣẹ́ òwú, èéfín wọn kì í sì í jẹ́ kí ojú ọ̀run mọ́. Òjò ibẹ̀ kì í rọ̀ kó dá bí ọkùnrin. Yóò máa ṣẹ̀ winniwinni láti àárọ̀ di alẹ́, aṣọ kò ní gbẹ, inú kò ní dùn. Ní Ìṣẹ́, ẹnikẹ́ni kì í ti ẹnu ọ̀nà wa dé odò kó má kí èèyàn mẹ́wàá. Níbí, mo lè jáde láàárọ̀ kí n sì wọlé nírọ̀lẹ́ kí ẹnu mi má là ju kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì nínú bọ́ọ̀sì. Àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nínú bọ́ọ̀sì náà, òun ni wọ́n máa ń jókòó sí kẹ́yìn.

Èmi tí mo ti kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò fún ọdún mẹ́rin ní Ìkẹ́rẹ́, ọwọ́ mi ti wá dilẹ̀. Délé ló rí ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri ní yunifásítì pé wọ́n ń wá obìnrin tó mọ ìṣirò dáadáa tí yóò máa kọ òǹkà sílẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ físíìsì. Ó ní kí n lọ. Mo ní wọn ò ní gbà mí. Ó ní wọn ò tíì rí mi ni. Mo wọ aṣọ tí mo fi ṣe ìgbéyàwó ní kóòtù, mo lọ.

Ẹni tó bá mi sọ̀rọ̀ ni Dókítà Wẹ́ẹ̀bù, ọkùnrin gíga kan tí irun rẹ̀ kì í gbọ́ ti kóòmù. Kò bi mí ní ohun púpọ̀. Ó gbé bébà kan fún mi tí òǹkà kún inú rẹ̀ láti òkè délẹ̀, ó ní kí n rò wọ́n pọ̀, ó sì ń ki tábà sínú kòkò ìmusìgá rẹ̀. Kó tó ṣáná sí i, mo ti dá bébà padà fún un. Ó wò ó, ó wo èmi, ó tún fún mi ní òmíràn. Nígbà tí mo dá ìyẹn náà padà, ó ní kí n wá lọ́jọ́ Ajé, ṣùgbọ́n pé oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, ìdánwò ni. Bàbá, ẹ rántí ìgbà tí àwọn mọ̀lẹ́bí ní kí ẹ má fi owó kòkó rán obìnrin lọ sílé ìwé, pé ilé ọkọ ni yóò kó ìwé náà lọ. Ilé ọkọ ni mo kó o lọ lóòótọ́. Ẹ wo ibi tí ilé ọkọ wà.

Wàyí o, iṣẹ́ náà. Gbogbo ohun tí Ọlọ́run dá, irin, òkúta, ẹran ara wa, átọ́ọ̀mù ló kóra jọ di wọ́n. Átọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan ní kóró láàárín, inú kóró náà ni nútírọ́ọ̀nù ń gbé. Ó kéré débi pé kò sí awò tó lè fi í hàn. Èyí tó wá mú un ṣòro ni pé kò ní iná ẹ̀lẹ́tíríkì kankan lára. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ní iná lára, bí wọ́n bá ń kọjá, wọn a máa ti àwọn tó wà lọ́nà gbọ̀n-ọ́n gbọ̀n-ọ́n, ìyẹn la fi ń mọ̀ wọ́n. Nútírọ́ọ̀nù kì í kí ẹnikẹ́ni. Ó lè gba inú ògiri òjé kọjá bí ẹni ń gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ bàbá rẹ̀ kọjá.

Ẹ ó wá bi mí pé báwo la ṣe ń ka ohun tí a kò rí. Afẹ́fẹ́ náà, ta ló rí i rí? Ewé tó mì la rí. Nínú omi, nínú epo, nínú ìda, átọ́ọ̀mù kan wà tó ń jẹ́ háídírójìn. Kóró tirẹ̀ fúyẹ́, òun àti nútírọ́ọ̀nù fẹ́rẹ̀ẹ́ wọn bákan náà. Bí nútírọ́ọ̀nù bá forí sọ ọ́, yóò ta á nù bí ọmọdé ṣe ń fi kóró àgbálùmọ̀ kan ta èkejì. Háídírójìn tí wọ́n ta nù yìí sì ní iná lára ní tirẹ̀. Àwọn onímọ̀ wá mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe irú òkúta kan, ó mọ́ gaara bí omi dídì, kò ju ìṣùpọ̀ iyọ̀ ńlá kan lọ, háídírójìn sì pọ̀ nínú rẹ̀. Bí ohun tó ní iná lára bá ti sáré nínú òkúta yìí, yóò tan yẹ́ẹ́ bíi tanátaná lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, yóò sì kú. Ìmọ́lẹ̀ náà kéré ju ohun tí ojú ènìyàn lè rí lọ.

Nítorí náà ni wọ́n ṣe so òkúta náà mọ́ ìgò kan tí wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, túùbù là ń pè é. Ẹ mọ bí òfófó ti ń rìn ládùúgbò wa. Ẹnì kan sọ ọ́ fún ẹni mẹ́ta, ẹni mẹ́ta náà sọ ọ́ fún mẹ́ta mẹ́ta, kó tó dé ilé kẹwàá, gbogbo ìlú ti ń pariwo. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni túùbù yìí ń ṣe. Ìmọ́lẹ̀ òkúta yóò já bíńtín iná ẹ̀lẹ́tíríkì kan jáde lójú túùbù, bíńtín náà yóò gbá mọ́ irin pẹlẹbẹ kan, mẹ́ta tàbí mẹ́rin yóò ta jáde, àwọn yẹn yóò tún gbá mọ́ irin kejì, títí dé ìkẹwàá. Nígbà tó bá fi máa jáde lẹ́yìn túùbù, ó ti tó ohun tí ẹ̀rọ lè gbọ́. Ẹ̀rọ tí ń kà á, kántà, wà ní yàrá ọ̀tọ̀, lẹ́yìn ògiri tó nípọn ju ògiri ṣọ́ọ̀ṣì wa lọ. Níbẹ̀ ni mo máa ń jókòó. Bí kántà bá ti ka tán, èmi ni mo ń kọ ọ́ sínú ìwé, èmi ni mo ń ṣírò rẹ̀. Òkúta àti túùbù yìí lápapọ̀ ni wọ́n ń pè ní dítẹ́kítọ̀.

Ohun kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ nípa túùbù yìí, nítorí òun ló fa ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ. Kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ìmọ́lẹ̀ òkúta àti ìmọ́lẹ̀ mìíràn. Ohunkóhun tó bá mọ́lẹ̀ tó wọlé tọ̀ ọ́, yóò pariwo. Nítorí náà, téèpù dúdú ni a fi ń dì í láti orí dé ẹsẹ̀, bí ìgbà tí a di òkú.

Mo wá bi Dókítà Wẹ́ẹ̀bù ní ìbéèrè tí wọ́n bi yín. Mo sọ fún un pé bàbá mi jẹ́ àgbẹ̀ àti ọmọ ìjọ, wọ́n sì ń bi í bóyá bọ́ǹbù ni mo ń ṣe. Kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé kòkò tábà rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní nínú ilé wa, a kì í ṣe bọ́ǹbù, a kì í fi nǹkan pamọ́, gbogbo ohun tí a bá rí ni a ń tẹ̀ sínú ìwé kí ará ayé kà. Ó ní irin ni a ń wò báyìí, bí nútírọ́ọ̀nù ti ń yà bí ó bá kọlù ú, nítorí wọ́n ń kọ́ ilé tí yóò máa fi átọ́ọ̀mù ṣe iná ẹ̀lẹ́tíríkì, ẹni tó ń kọ́ ọ sì gbọ́dọ̀ mọ bí ògiri ti yẹ kó nípọn tó kí àwọn òṣìṣẹ́ inú rẹ̀ má baà ṣàìsàn. Kò sì tàn mí jẹ. Ó ní òun kò lè búra pé ẹni burúkú kò ní ka ìwé náà. Mo ní ìyẹn yé mi, pé àdá tí bàbá mi fi ń ṣán oko, ẹlòmíràn lè fi ṣá ènìyàn, bàbá mi kò tìtorí ẹ̀ ju tirẹ̀ nù. Nítorí náà, Bàbá, ẹ sọ fún ẹni tó bi yín pé lọ́wọ́ ọmọ yín, kíka ni, ògiri ni à ń wọn fún àwọn òṣìṣẹ́. Ẹ dìde lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ẹ padà sórí àga yín.

Ó ku ìtàn tó mú mi gbé pẹ́ńsù gan-an.

Ẹ̀rọ ńlá kan wà nínú gbọ̀ngàn tó ń ta nútírọ́ọ̀nù lu irin tí à ń wò, irin náà sì dúró lójú kan. Dítẹ́kítọ̀ wà lórí apá irin gígùn kan tó ń yí i ká. Láàárọ̀, a ó gbé dítẹ́kítọ̀ síwájú irin, ibi tí nútírọ́ọ̀nù ti ń lọ tààrà, a ó kà. A ó sún un díẹ̀, a ó tún kà. Bẹ́ẹ̀ la ó máa sún un títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ẹ̀yìn ní ìrọ̀lẹ́. Gbogbo ìgbà òtútù, ohun tí a retí la rí: bí a ti ń lọ sí ẹ̀yìn ni òǹkà ń dín kù. Ṣùgbọ́n nígbà tí òtútù ń kásẹ̀ nílẹ̀, òǹkà ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí ga. Inú Dókítà Wẹ́ẹ̀bù dùn. Ó ní bí èyí bá jẹ́ òótọ́, a ti rí ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí nínú irin. Àwọn onímọ̀ fẹ́ pé jọ nílùú mìíràn, ó sì ti kọ̀wé sí wọn pé òun ń bọ̀ wá sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Àní ó ń súfèé bó bá ń gun àkàbà.

Èmi kò súfèé. Bàbá, ẹ̀yin lẹ tọ́ mi sídìí kòkó sísá. Láti kékeré, èmi lẹ ń fi sílẹ̀ lórí ẹní kòkó, tí ẹ ní bí mo bá jẹ́ kí òjò pa á, kí n má padà wọlé. Ọmọ tó bá dàgbà bẹ́ẹ̀, kò lè ṣe kó má máa wo ojú ọ̀run. Ní etí ìwé òǹkà mi, láìrò ó, mo ti máa ń kọ ọ́ sílẹ̀ lójoojúmọ́: òòrùn, òjò, kùrukùru. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí mo ń ṣírò, ojú mi lọ sí etí ìwé náà. Ọjọ́ tí òǹkà ẹ̀yìn ga, “òòrùn” ni mo kọ. Ọjọ́ tí kò ga, òjò tàbí kùrukùru. Mo ṣí ìwé padà sẹ́yìn, mo wò ó lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó rí bẹ́ẹ̀ láìyẹ̀. Fèrèsé gíga kan ṣoṣo ló wà nínú gbọ̀ngàn ẹ̀rọ náà, ìhà ìwọ̀-oòrùn ló sì kọjú sí. Nútírọ́ọ̀nù kò mọ òjò yàtọ̀ sí ẹ̀rùn. Òòrùn ni a ń kà.

Oṣù ìdánwò mi kò tíì pé. Délé ní kí n rò ó dáadáa, pé ẹni tí wọ́n gbà láti máa kọ òǹkà kì í sábà pẹ́ níbi tó bá ti sọ pé òǹkà ọ̀gá kò dára. Kì í sì í ṣe èyí ló dùn mí jù. Ẹni tó di túùbù náà ni Místà Pájẹ́ẹ̀tì, àgbà ọkùnrin kan tó ti ń tún ẹ̀rọ ṣe níbẹ̀ kí wọ́n tó bí mi. Nínú gbogbo ilé náà, òun nìkan ló máa ń bu tíì wá fún mi ní aago mẹ́wàá, tó máa ń bèèrè bóyá mo rí lẹ́tà gbà láti ilé. Bí mo bá la ẹnu, orí rẹ̀ ni yóò bọ́ sí.

Mo ronú kan ohun tí ẹ máa ń ṣe bí ẹ bá rí àléébù nínú oko ẹnìkejì yín: ẹ kì í kọ́kọ́ sọ ọ́ lọ́jà. Mo tọ Místà Pájẹ́ẹ̀tì lọ níbi iṣẹ́ rẹ̀, mo sì fi ìwé mi hàn án. Mo ní bóyá téèpù ti là níbì kan. Ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní òun ti ń di túùbù láti ìgbà ogun, kò sí èyí tó là rí. Mo ní ẹ má bínú, sà. Ó kọ ẹ̀yìn sí mi. Ní ọjọ́ kejì, aago mẹ́wàá lù, tíì kò dé.

Bàbá, mo sunkún díẹ̀ nínú ilé ìwẹ̀, mo bọ́jú mi, mo lọ kan ilẹ̀kùn Dókítà Wẹ́ẹ̀bù. Mo tẹ́ ìwé náà síwájú rẹ̀. Ó kà á fún ìgbà pípẹ́. Ó ní àràárọ̀ ni wọ́n ń kà nígbà tí ẹ̀rọ kò ṣiṣẹ́, kántà kì í sì í gbọ́ ju bíńtín lọ. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni sà, àràárọ̀, nígbà tí òòrùn wà lódì kejì ilé, tí dítẹ́kítọ̀ sì wà níwájú irin. Ó ní wọ́n ti fi òjé dí i lọ́nà, wọ́n ti fi ìda dí i lọ́nà, láti rí i dájú pé nútírọ́ọ̀nù ni kántà ń kà. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni sà, nígbà òtútù, tí òòrùn kì í ràn wọlé. Mo wá bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí a kà lẹ́ẹ̀kan péré ní ọ̀sán, kí dítẹ́kítọ̀ wà lẹ́yìn, kí ẹ̀rọ ńlá sì kú fin-ín, kí òòrùn sì ràn. Bí kántà bá dákẹ́, a jẹ́ pé èmi ni mo ṣìnà, màá sì bẹ gbogbo wọn. Ó gbà.

Ni òjò bá bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko! Èmi tí mo ti ń gbàdúrà kí òjò ìlú yìí dá láti ọjọ́ tí mo ti dé, n kò gbà á gidi bí ti ọjọ́ mẹ́ta yẹn rí. Lọ́jọ́ kẹrin, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ìkùukùu ya, òòrùn sì wọlé láti fèrèsé gíga náà, ó nà gbọọrọ sórí ilẹ̀. Gbogbo wa dúró nínú yàrá òǹkà: Dókítà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ méjì tí kì í kí mi, àti èmi. Ẹ̀rọ ńlá ti kú. Wọ́n tan kántà. Bàbá, kántà tó yẹ kó dákẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí ka bí ẹni tí wọ́n ń lé.

Nígbà náà ni mo rí Místà Pájẹ́ẹ̀tì láti ojú gíláàsì tó wà lára ògiri. Ó ti wọ gbọ̀ngàn ẹ̀rọ lọ láìjẹ́ pé wọ́n rán an. Ó bọ́ kóòtù ara rẹ̀, ó fi bo dítẹ́kítọ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó sì dúró tì í. Kántà dákẹ́ lójijì. Ó ṣí kóòtù, kántà tún figbe ta. Ó bò ó, ó dákẹ́. Lẹ́ẹ̀mẹta ló ṣe é, bí ẹni pé òun gan-an ló fẹ́ fi dá ara rẹ̀ lójú.

Nígbà tí a wò ó dáadáa, téèpù ti gbẹ, ó sì ti là lẹ́yìn túùbù níbi tí apá irin ti ń fà á nígbà gbogbo tí a bá sún un. Ibi tó là kò fẹ̀ ju fọ́nrán irun kan lọ. Ìyẹn ló sọ òòrùn ìlú Gẹ̀ẹ́sì, tó jẹ́ pé kò tilẹ̀ lè gbẹ aṣọ, di ìmọ̀ tuntun nípa irin.

Dókítà Wẹ́ẹ̀bù wọ yàrá rẹ̀ lọ, ó ti ilẹ̀kùn. N kò ní purọ́ pé inú rẹ̀ dùn. Lọ́jọ́ kejì, ó kọ̀wé sí àwọn onímọ̀ tó fẹ́ pé jọ náà pé òun kò ní ọ̀rọ̀ láti bá wọn sọ mọ́, ó sì sọ ìdí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá dúró níwájú tábìlì mi. Ó ní bí òun bá ti lọ sọ ọ́, kí ẹlòmíràn sì já a nírọ́ ní ilẹ̀ Jámánì tàbí Amẹ́ríkà, òun kì bá tún lè la ẹnu láàárín ẹgbẹ́. Ó ní òun dúpẹ́. Mo dìde, mo sì kúnlẹ̀ láìmọ̀. Ó rò pé nǹkan mi ló jábọ́, òun náà sì bẹ̀rẹ̀ láti bá mi wá a.

Místà Pájẹ́ẹ̀tì ní tirẹ̀ fẹ́ kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ó ní ọjọ́ ogbó ti dé sí òun lójú. Mo lọ bá Dókítà, mo ní kì í ṣe ọwọ́ àgbà ló kùnà, apá irin tó ń yí ló fa téèpù ya, a kò sì sọ fún un rí pé kó máa yẹ̀ ẹ́ wò. Dókítà ní òun náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì lọ sọ ọ́ fún un fúnra rẹ̀. Lọ́jọ́ Ajé, aago mẹ́wàá lù, ife tíì méjì ló gbé wá, ó sì fa àga, ó jókòó. Ó ní ṣé màá fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń di túùbù. Èmi àti òun la jọ di tuntun náà. A kun ún ní ọ̀dà dúdú, a fi aṣọ dúdú wé e, a fi téèpù lé e, a wá gbé gbogbo rẹ̀ sínú agolo irin tó ní ìdérí. Mo tan iná tọ́ọ̀ṣì sí i lára yíká, Místà Pájẹ́ẹ̀tì sì ń gbọ́ kántà. Kò dún.

A tún gbogbo òǹkà náà kà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó gbà wá ní ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Ẹ̀yìn irin kò ga mọ́, òjò ni o, òòrùn ni o. Ìmọ̀ tuntun kankan kò sí níbẹ̀, Bàbá. Òǹkà lásán ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi kọ́ ògiri, ògiri rẹ̀ yóò dúró, mo sì fi èyí yangàn ju bí mo ṣe lè fi ohun ìyanu yangàn lọ.

Wọ́n ti gbà mí pátápátá báyìí. Délé ti sọ ọ́ fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà tó wà nílùú yìí, àní fún àwọn tí kò bèèrè. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ méjì tí kì í kí mi, ọ̀kan ti ń kí mi.

Ẹ kí Ìyá mi kú àdúrà, ó ń gbà. Ẹ bá mi kí àwọn tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi ní Ìkẹ́rẹ́, kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí ìṣirò sú àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n ń rọ́ wọ ilé ìwé lọ́fẹ̀ẹ́ báyìí. Ẹ kí Ìyá Ẹmùrè, ẹ kí ìjọ lọ́kùnrin lóbìnrin. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí òjò yín rọ̀ lásìkò, kí igi kòkó yín má dá èso dúró, kí ẹsẹ̀ yín máa gbé yín dé oko, kó sì máa gbé yín bọ̀. Ẹ kò ní sin mí, èmi ni màá sin yín, yóò pẹ́ kó tó di ìgbà náà.

Ìwé kan wà lára ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn ẹ̀rọ báyìí. Dókítà ló kọ ọ́, pé ẹnikẹ́ni, ìbáà ṣe òun fúnra rẹ̀, kò gbọ́dọ̀ tan dítẹ́kítọ̀ kankan láìjẹ́ pé mo ti yẹ̀ ẹ́ wò, tí mo sì ti fọwọ́ sí i. Láràárọ̀, ọ̀gá àti akẹ́kọ̀ọ́ a dúró sẹ́nu ọ̀nà, ife tíì lọ́wọ́ wọn, wọn a máa dúró de orúkọ tí ẹ sọ mí.

Èmi ni ọmọ yín,
Dọ̀káàsì Olúfúnkẹ́